Òdo kan wà tí ẹ kò kà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí Fielding Yost, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Michigan lọ́dún 1901. Ó dùn ún kà, ìṣirò yín náà sì pé: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11, àmì 550, àwọn alátakò kò rí ẹyọ kan jẹ. (Kí ẹni tí kò mọ̀ má rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa ni o. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé mọ́yà sáré ni.) Láyé ìgbà náà, àmì 5 péré ni ẹni tó bá gbé e dé ìpẹ̀kun pápá ń gbà, òfin kò sì tíì gbà kí wọ́n jù ú síwájú. Ẹ wá wo 128 sí òdo tí wọ́n fi na Buffalo!

Ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àjọ̀dún òdòdó tí wọ́n gbá ní Pasadena, ní California, ló dùn mọ́ mi jù. Yunifásítì Stanford ni Yost ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 1900. Wọ́n ní ẹni tó bá jáde nílé ìwé àwọn nìkan ni yóò máa kọ́ ẹgbẹ́ àwọn, ni Yost bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Ann Arbor, ìlú tí Yunifásítì Michigan wà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1902, ta ni wọ́n gbé kò ó lójú? Stanford yìí kan náà. Michigan lù wọ́n ní àlùbami, 49 sí òdo, láìpààrọ̀ ẹnì kan nínú àwọn 11 tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ó ku ìṣẹ́jú 8 tí balógun Stanford fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn tó ṣètò àjọ̀dún náà kò tún gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀ mọ́ títí di 1916. Wọ́n tilẹ̀ fi eré kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin dí àlàfo rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi bi mí pé kí ló dé.

Àmọ́ ẹ pe Yost ní àwòkọ́ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun mí. Sáà 25 ló fi kọ́ ẹgbẹ́ náà. Aláwọ̀ dúdú mélòó ló gba àmì-ẹ̀yẹ tí yunifásítì ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ níbẹ̀ láàárín gbogbo sáà wọ̀nyẹn? Òdo.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. George Jewett, aláwọ̀ dúdú, ọmọ Ann Arbor gan-an, ti gbá bọ́ọ̀lù fún Michigan ní 1890 àti 1892, kí Yost tó fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà. Ilẹ̀kùn ti ṣí tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un tì ni. Ó di 1932 kí Willis Ward tó wọlé, akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn, Harry Kipke, ló sì mú un wọ ẹgbẹ́. Yost ti di ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ní yunifásítì náà nígbà yẹn. Lọ́dún 1934, Georgia Tech, ẹgbẹ́ yunifásítì kan láti gúúsù Amẹ́ríkà, ní àwọn kò ní jáde sí pápá bí Ward bá wà níbẹ̀. Michigan gbà fún wọn, Ward jókòó. Wọ́n borí lọ́jọ́ náà, 9 sí 2, òun nìkan sì ni wọ́n jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 tí wọ́n gbá ní sáà yẹn.

Ọmọ mi tó wà lọ́hùn-ún ló sọ fún mi pé láti 2021 ni Michigan àti Northwestern, níbi tí Jewett ti lọ kọ́ ìṣègùn, ti ń du àmì-ẹ̀yẹ kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè.

N kò ní kí ẹ yọ 550 náà kúrò. Ẹ kàn bá mi tẹ orúkọ Jewett àti Ward sí ojú ewé kan náà tí ẹ ti yin Yost.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn