Ẹ Bá Wa Tẹ Iye Owó Tó Ń Wọ Ilé Ìwòsàn Wọ́ọ̀dù Wa Jáde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ọjọ́ tí mi ò bá rí i rà màá kà á lórí fóònù ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ọ̀rọ̀ owó gíráàntì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ló mú mi gbé bírò báyìí. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa, WDC tí wọ́n máa ń pè é, níbí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. A ò gbowó oṣù kankan nídìí ẹ̀, àmọ́ mo ti wà níbẹ̀ pẹ́ débi pé mo ti mọ ibi tí owó yẹn ti ń jò, mo sì gbà pé ẹ̀yin oníwèé ìròyìn lẹ lè bá wa dí ihò náà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé owó tí mò ń sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá sọ ọ́ létí wọn ló máa ń ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Lọ́dún 2014 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin ìlera tí wọ́n ń pè ní National Health Act. Òfin yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ, ó kéré tán, náírà kan sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò ẹ̀, kí wọ́n fi tọ́jú ìlera mẹ̀kúnnù, kí owó ìrànwọ́ láti òkè òkun náà sì máa wọ ibẹ̀. BHCPF lorúkọ owó náà. Bí òfin ṣe pín in nìyí: ìdajì ẹ̀ jẹ́ ti ìnṣọ́ránsì ìlera, 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 jẹ́ ti ilé àti irinṣẹ́, 10 ti òṣìṣẹ́, 5 tó kù wà fún pàjáwìrì. Ó wà lákọsílẹ̀ kedere. Àmọ́ ọdún 2018 ni wọ́n tó rí i fi sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí òfin jáde, ẹ wo iye aláboyún tó ti bímọ láàárín ìgbà yẹn. Ọ̀ṣun tiẹ̀ wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, àwa, Abia àti Niger.

Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n mú ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún mélòó kan, ₦300,750 ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ìjọba tó wá sọ pé àwọn ń fi kún un. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ₦1,203,000 nìyẹn lọ́dún fún wọ́ọ̀dù kan. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà l'Ọ̀ṣun, bí gbogbo wọn bá gbà á pé láìdá ẹyọ kan dúró, ó ń lọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù irinwó náírà lọ́dún kan ṣoṣo. Owó kékeré kọ́ nìyẹn fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù gbẹ̀bí.

Ètò tí wọ́n ṣe sí i gan-an dáa. Owó náà kì í gba ọwọ́ alága káńsù kọjá, àkáǹtì ilé ìwòsàn fúnra ẹ̀ ní báńkì ló ń wọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà àti alága WDC ló jọ máa fọwọ́ sí i kó tó lè jáde, wọ́n á ti kọ ètò ìnáwó sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á sì jábọ̀ bí wọ́n ṣe ná an kí òmíràn tó wọlé. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ro àròjinlẹ̀. Ibi tó kù sí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn aráàlú tó ni ín pé owó kankan wà.

Bí èmi alára ṣe mọ̀ rèé. Lóru ọjọ́ kan, ó ti ń lọ sí aago méjì, ìyá tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ wá bá òun wá ṣẹ́ńjì, pé ọkùnrin kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù òun tó fẹ́ ra ìbọ̀wọ́. Mo jáde. Abúlé lọkùnrin náà ti wá, ọ̀kadà ló fi gbé ìyàwó ẹ̀ tó ń rọbí dé ilé ìwòsàn, ó mú bébà kan dání tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ ọ́ fún un: ìbọ̀wọ́, òwú, réésà, Izal, àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì! Owó ọwọ́ ẹ̀ ò sì pé. A jọ san án, ó sáré padà, ìyàwó ẹ̀ bí ọkùnrin kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, tọmọ tìyá ló yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo lọ bá nọ́ọ̀sì náà, mi ò bínú lọ o, mo kàn bi í pé kí ló dé tí ìbọ̀wọ́ lásán ò sí nílé ìwòsàn, ó ní, "Bàbá, owó kọ́tà yìí ti tán." Mo ní owó kọ́tà wo? Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta yìí. Mo sì ti lo ọdún kan nígbà yẹn gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé WDC.

Alága wa ìgbà náà, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọlúàbí èèyàn, ti fọwọ́ sí ìwé ìgbowó mẹ́fà sílẹ̀ láìsí iye kankan lórí ẹ̀, kí wọ́n má baà máa wá a wá sílé ní gbogbo ìgbà. A gba ìwé àkáǹtì ní báńkì, a rí i pé owó ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. A rí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí tuntun kan, a rí ọ̀dà lára ògiri, ìyókù jẹ́ rísíìtì tí ò lórúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló sì kọ gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi jókòó tì í, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan jí owó. Wọ́n fi san ọkọ̀ tó lọ gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n fi san obìnrin tó ń bá wọn gbálẹ̀, wọ́n fi ra epo jẹnẹrétọ̀, wọ́n ò kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó yá àwọn fúnra wọn ò rántí ohun tí wọ́n fi ṣe mọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Owó tó yẹ kó ra ìbọ̀wọ́ fún odidi ọdún kan ti wọmi, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tó gbà.

A yan alága mìíràn. Káfíńtà kan láàárín wa fún wa ní pálíwúùdù, a kùn ún ní funfun, a gbé e kọ́ síbi tí àwọn aláboyún ti máa ń jókòó de nọ́ọ̀sì, Yorùbá la fi kọ gbogbo nǹkan sára ẹ̀: iye tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, ohun tí a rà, èló la rà á, èló ló kù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, àti lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi tàbí alága á dìde kà á sókè, kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a gbé e kọ́ kí ìyálọ́jà wa tó mú ọmọọmọ ẹ̀ kékeré wá gba abẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tẹ̀ lé wọn, ó ń ka pákó fún màmá bí wọ́n ṣe jókòó. Ó débi garawa onídèrí mẹ́rin, màmá ní kó dúró, kó tún un kà. Ọjà onírọ́bà ni màmá ti ń tà láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ó ní iye tí a kọ pé a ra garawa kan yẹn, méjì ló máa rà, ṣẹ́ńjì á tún kù. A padà lọ bá ẹni tó tà á fún wa, ó dá owó lé wa lọ́wọ́. Látìgbà náà, màmá ló ń bá wa yẹ iye ọjà wò ká tó rà á, ó sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ ra ohunkóhun lọ́wọ́ òun, kí wọ́n má baà ní òun ń jẹ nídìí ẹ̀. Obìnrin yìí ò mọ̀wé kà o. Gbogbo àwọn tó ti wá yẹ ìwé wa wò, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá wá, tí wọ́n fi máàkì sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìkankan nínú wọn tó rí garawa yẹn.

Àwọn kan ní tí a bá ń kéde owó báyìí, àwọn jàǹdùkú á wá ka nọ́ọ̀sì mọ́bẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á sì ní kí a wá fún àwọn ní tiwọn. Ẹ̀rù tó yẹ ká bà ni, mi ò ní fojú kékeré wò ó. Ti àkọ́kọ́, báńkì lowó wà, kì í sùn nílé ìwòsàn, a sì kọ ìyẹn náà sára pákó. Ti ìkejì ṣẹlẹ̀ sí wa lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ kan wá bá mi nílé lálẹ́, mo mú wọn lọ síwájú pákó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo bi wọ́n pé èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni kí a yọ kúrò, ṣé ìbọ̀wọ́ ni àbí oògùn ibà. Wọ́n kùn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ò kí mi títí dòní, àmọ́ kò sẹ́ni tó padà wá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin gan-an wá rèé. Láàárín 1991 sí 1995, ìjọba Ùgáńdà ń fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, ṣèwádìí ẹ̀ ní ilé ìwé 250, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún síléǹ tí ìjọba fi ránṣẹ́, 13 péré ló ń dé ilé ìwé, ọ̀pọ̀ wọn ni ò tiẹ̀ rí kọ́bọ̀ gbà, àwọn òṣìṣẹ́ àti olóṣèlú àgbègbè ló ń gbà á sílẹ̀ lọ́nà. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí ilé ìwé náà lẹ tiwọn mọ́ ara ògiri. Nígbà tó fi máa di 2001, iye tó ń dé ilé ìwé ti lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é, pé ìjọba tún àwọn nǹkan míì ṣe lásìkò kan náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìwádìí yẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi: àwọn ilé ìwé tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, owó tiwọn pé sí i ju ti àwọn tó jìnnà síbẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, Olóòtú!

Mi ò sọ pé títẹ̀ ẹ́ jáde á yanjú gbogbo ẹ̀. Owó náà máa ń pẹ́. A kọ ètò ìnáwó ní January, owó dé ní July, iye oògùn ti fò sókè, ohun tó wà nínú ètò nìkan la sì láṣẹ láti rà, ìwé á máa lọ, ìwé á máa bọ̀. Wọ́ọ̀dù tí ò bá tètè jábọ̀ náà, ara ẹ̀ ló ń dá dúró. Bákan náà ló rí pẹ̀lú owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tó wà fún ilé ìwé, òfin ọdún 2004 ní kí ìpínlẹ̀ mú iye kan náà wá kí wọ́n tó rí tiwọn gbà, owó wá ń sùn l'Abuja nígbà tí òrùlé kíláàsì ń jò sórí àwọn ọmọ. Àmọ́ tí aráàlú bá rí i lórí ìwé pé owó oṣù mẹ́ta yìí ò tíì dé, wọ́n á yé fẹ̀sùn kan nọ́ọ̀sì tí kò ní nǹkan lọ́wọ́, wọ́n á mọ ọ́fíìsì tó yẹ kí wọ́n lọ bi.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ìdajì ojú ewé kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní Yorùbá, orúkọ wọ́ọ̀dù, iye tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọjọ́ tó wọ àkáǹtì. Ẹ máa tò ó ní káńsù káńsù bí àyè ò bá gbà á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń pín owó yìí ní ìpínlẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́, torí báńkì ni wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní fún yín, òfin FOI ti ọdún 2011 wà, èyí tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ọjọ́ méje ló fún wọn láti dáhùn. Akọ̀wé wọ́ọ̀dù bíi tèmi lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí èsì. Tiyín ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Mo fi tiwa pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ojú ewé méjì ni, mo ya fọ́tò pákó náà, mo sì tún fi ọwọ́ kọ ọ́ kí ẹ lè kà á dáadáa: owó tó wọlé ní kọ́tà tó kọjá, ohun mọ́kànlá tí a rà, orúkọ ọjà tí a ti rà á, àti ₦18,400 tó kù ní báńkì. Alága àti nọ́ọ̀sì àgbà ti fọwọ́ sí i, ìyálọ́jà náà tẹ̀ka sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiwa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, akọ̀wé WDC,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.