Lẹ́tà ẹ̀sùn: omi inú kẹ́ẹ̀gì yín àti oògùn tí ẹ dà sínú aquarium mi

Magodo, Èkó

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Lórí omi tí ẹ ń tà fún mi nínú kẹ́ẹ̀gì, àti oògùn tí òṣìṣẹ́ yín dà sínú aquarium omi òkun, táǹkì gíláàsì tí a ń sin ẹja sí, tí ẹ gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ mi, ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọbẹ̀dò, ohun bí ewéko tó ń hù nínú omi, ti bo táǹkì náà, mo sì ti bá àwọn ọmọ tó ń dáhùn lórí WhatsApp yín sọ ọ́ títí. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, táǹkì tuntun ni, ọbẹ̀dò náà máa lọ fúnra rẹ̀." Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ìgbín inú táǹkì ti kú tán, iyùn (ẹran òkun ẹlẹ́mìí ni mo ń sọ, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) ti ká jọ, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, kó dé iwájú ẹni tó lè dáhùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, ká má baà jà lórí ohun tí kì í ṣe ìjà. Kì í ṣe pé ọbẹ̀dò hù ló ń bí mi nínú. Mo mọ̀ pé agbára káká ni ẹ fi lè rí aquarium omi òkun tuntun tí kò ní hù ú. Òkúta gbígbẹ lẹ kó wá fún mi, kò sí ohun ẹlẹ́mìí kan lára rẹ̀, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn bakitéríà tó ń sọ ammonia, májèlé tó ń wá látara ẹ̀gbin ẹja, di nitrite, àti àwọn tó ń sọ nitrite di nitrate, tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan á kọ́kọ́ bo yanrìn lẹ́búlẹ́bú. Diatom nìyẹn, irú ọbẹ̀dò kan, silicate inú omi ló ń lò, bí silicate bá sì ti tán, òun náà á lọ. Ó wá lóòótọ́. Mo nu gíláàsì mi, mi ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èyí tó tẹ̀lé e ló mú mi pè yín. Ó tutù yọ̀yọ̀, ó gùn tó ìka, ó sì di òkúta mú débi pé bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á lónìí, ìdí rẹ̀ tó kù lára òkúta á tún ti yọ kó tó di ọ̀túnla. Ó gun ẹsẹ̀ iyùn leather tí mo rà lọ́wọ́ yín, iyùn náà sì pa gbogbo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, kò yọ ọ́ síta mọ́.

Ẹ má sọ fún mi pé iná ni. Wákàtí mẹ́jọ ni iná ń tàn lójúmọ́, táímà ló ń tàn án tó sì ń pa á, ìnfátà sì wà nígbà tí iná bá lọ. Ẹ má sọ pé oúnjẹ ni. Ẹja clownfish méjì péré ló wà níbẹ̀. Edé dídì tí wọ́n ń jẹ, inú asẹ́ ni mo ti ń ṣàn án kí n tó fi sí i, torí pé phosphate, tí ọbẹ̀dò ń jẹ, pọ̀ nínú omi tó ń jáde lára rẹ̀ bó bá yọ́. Skimmer, ẹ̀rọ tó ń yọ ẹ̀gbin kúrò nínú omi, ń ṣiṣẹ́, ife orí rẹ̀ ń kún fún omi dúdú olóòórùn, mo sì ń dà á nù. Ìwọ̀n iyọ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, 1.025. Omi kò gbóná kọjá ìwọ̀n 26 Celsius, ẹ̀yin náà lẹ sì ta ẹ̀rọ tó ń mú un tutù fún mi.

Ó wá ku omi.

Ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo omi tó wọ inú táǹkì yẹn ti wá. Nígbà tí ẹ fẹ́ gbé e kalẹ̀, mo ní kànga ẹ̀rọ wà nílé. Òṣìṣẹ́ yín ní rárá o, irin pọ̀ nínú omi kànga Èkó, omi RO/DI, èyí tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo ohun tó yòrò sínú rẹ̀ kúrò, nìkan ni iyùn ń fẹ́, ẹ̀yin gan-an lẹ sì ń ṣe é. Òótọ́ ló sọ nípa irin. Ẹni bá rí bí ìdí báàfù mi ṣe pọ́n, kò ní jiyàn. Ẹnìkan ládùúgbò tilẹ̀ ní kí n kúkú máa lọ pọn omi òkun fúnra rẹ̀ ní etíkun Elegushi, kí n yé náwó. Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Omi ọ̀sà àti ẹ̀gbin ìlú ń dà sí òkun wa, kò sì sí òkúta iyùn kan létí òkun Nàìjíríà tí a lè wò ká ní omi ibẹ̀ dáa fún iyùn. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yín ni mo gbà. Láti ìgbà náà lẹ ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wá, "RO/DI" wà lára rẹ̀ gàdàgbà, owó rẹ̀ sì ju owó omi tí à ń mu lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Mo ra mítà TDS. Ohun kékeré ni, kò tóbi ju bírò lọ. Bí a bá tì í bọ omi, á sọ ìwọ̀n ohun tó ti yòrò sínú rẹ̀. Bí omi bá jẹ́ RO/DI lóòótọ́, òdo ló yẹ kí mítà kà. Kẹ́ẹ̀gì yín ka 164. Mo ní bóyá mítà ló bàjẹ́, mo tì í bọ omi distilled tí mo gbà ní láàbù ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, ó ka 1. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì mìíràn: 158. Ìgbà tó yá ni mo rán ọmọ lọ ra pure water ọlọ́rá lójú títì wa, mo tì í bọ ọ́, ó ka 161. Mi ò sọ pé pure water lẹ rọ sínú kẹ́ẹ̀gì o. Nọ́ńbà tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yẹn.

Mítà kì í sọ irú ohun tó wà nínú omi, bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń sọ. Nítorí náà mo fi kíìtì ìdánwò wo omi kẹ́ẹ̀gì kí n tó po iyọ̀ mọ́ ọn. Nitrate, tí ọbẹ̀dò ń jẹ bákan náà, jẹ́ 25 ppm (mílígíráàmù nínú lítà kan), phosphate jẹ́ 0.5. Nínú táǹkì iyùn, 0.1 ni ọ̀pọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ kí phosphate kọjá. Ẹ ti fi ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹja kankan tó ya ìgbẹ́ sínú omi.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni omi tí à ń fi dí èyí tó gbẹ. Ẹ mọ oòrùn Èkó. Ojoojúmọ́ ni omi táǹkì ń fà, mo sì ń bu omi yín dí i. Omi nìkan ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Nitrate àti phosphate kì í bá a lọ. Bí ọbẹ̀ tí à ń gbé kaná lójoojúmọ́, tí à ń bu omi oníyọ̀ là, ṣe máa ń dùn kọjá ààlà níyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọbẹ̀dò ń jẹ ṣe ń ga nínú táǹkì mi. Bí mo bá pààrọ̀ omi láti dín in kù, omi yín náà ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà wo ni ó fẹ́ gbà lọ fúnra rẹ̀?

Ọmọ yín fèsì pé omi yín mọ́, pé gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń mu ún. Kí wọ́n máa mu ún, ara wọn á le. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fàyè gba nitrate tó 50 mílígíráàmù nínú lítà kan omi tí ènìyàn ń mu. Ohun tó dáa fún ọ̀fun ọmọ ènìyàn kọ́ ni mo ra. Omi tí kò ní nǹkankan nínú ni mo ra, tí mo fi lè mọ ohun tí mo ń fi sí i.

Torí kí ẹ má baà ní mo ń sọ̀rọ̀ lásán, mo gbé ìgò jáàmù méjì sójú fèrèsé. Omi kẹ́ẹ̀gì yín wà nínú ọ̀kan, omi distilled láàbù wà nínú èkejì. Iyọ̀ kan náà ni mo pò mọ́ méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, mo sì já ọbẹ̀dò díẹ̀díẹ̀ sínú wọn. Ti yín ti ṣú, ẹ ò lè rí ìka yín láti òdìkejì rẹ̀. Èkejì ṣì ń dán, èyí tí mo já síbẹ̀ ti ń funfun lọ. Àwòrán méjèèjì wà nínú àpò ìwé yìí, ìgò náà sì ṣì wà lójú fèrèsé fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Dípò kí ẹ yẹ omi yín wò, ọjà mìíràn lẹ tà fún mi: àwọn hóró pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi irin ṣe, tó ń fa phosphate mọ́ra. Ó ṣiṣẹ́. Phosphate wálẹ̀, ọbẹ̀dò rẹ̀ dànù díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yín tún dé, ó tún gòkè, ẹ sì ní kí n ra ìgò mìíràn. Mo rà á. Rìsíìtì gbogbo rẹ̀ wà níbí.

Gbogbo ìyẹn, mo ṣì lè gbà á mọ́ra. Èyí tí mi ò lè gbà ni ti oògùn búlúù.

Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ yín wá. Ọmọ mi ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì bi í pé kí ló fẹ́ dà síbẹ̀. Ó ní "oògùn ọbẹ̀dò" ni. Ó fi ọmọrí wọ̀n ọ́n, ó dà á sí i, ó gbàgbé ìgò sórí àga. Mo dé, mo gbé ìgò náà, mo kà á: fún odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti adágún ni wọ́n kọ sí i, copper sulphate, iyọ̀ bàbà, ló wà nínú rẹ̀. Kẹ́místrì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọ̀ búlúù yẹn, kò yẹ kí ọmọ SS2 rí i kó máà dá a mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìgbín Turbo tó máa ń gun gíláàsì ti já. Wọ́n sùn síkàǹkà lórí yanrìn, ẹsẹ̀ wọn yọ síta nínú ìkarahun, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò fà á wọlé. Àwọn akàn kékeré jáde kúrò nínú ìkarahun tí wọ́n wọ̀, wọ́n kú síhòòhò lẹ́bàá rẹ̀. Bàbà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìgbín látọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá, òun ló fi ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Ṣùgbọ́n bàbà tó bá yòrò sínú omi tó ń gbé, májèlé ni fún un. Àwọn ìgbín yìí náà ni wọ́n ń jẹ ọbẹ̀dò. Ẹ pa àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́.

Ẹja kò kú, òṣìṣẹ́ yín sì ń fi ìyẹn ṣẹ̀rí pé oògùn náà kò léwu. Ta ni kò mọ̀ pé ẹja ń fara dà á? Wọ́n ń fi bàbà wo àrùn ara ẹja, ní ìwọ̀n bí 0.2 ppm, ṣùgbọ́n nínú táǹkì ọ̀tọ̀ ni, èyí tí kò sí ìgbín, tí kò sí iyùn nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi iyùn títà jẹun kò gbọdọ̀ máà mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀dò tó kú jẹrà sínú omi, ammonia gòkè, ohun tó ti fà mu sì padà sínú omi. Orí òkúta ti tún ń tutù báyìí.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ẹ dá owó gbogbo kẹ́ẹ̀gì padà, àti owó àwọn hóró tó ń fa phosphate, torí omi yín ló sọ mí di ẹni tó ń rà wọ́n. Kí ẹ kó òkúta àti yanrìn inú táǹkì lọ, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò wọn. Ẹ má sọ pé ẹ máa fọ̀ ọ́ o. Òkúta yẹn máa ń fa bàbà mọ́ra, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Mi ò fẹ́ kó àwọn ìgbín mìíràn wá síbi tí wọ́n á ti kú. Owó ìgbín, akàn àti iyùn, ẹ lè fi pamọ́ sọ́wọ́ yín di ìgbà tí ìdánwò bá fi hàn pé bàbà kò sí nínú omi mọ́. Nígbà náà, ẹran tuntun ni mo fẹ́. Kí ẹ sì jẹ́ kí n fi mítà mi wo omi kẹ́ẹ̀gì lójú òṣìṣẹ́ yín kó tó gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí kò bá jẹ́ òdo, kó máa gbé e padà.

Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ tà á, bí mi ò bá sì gbọ́ nǹkankan, ọ́fíìsì FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá mú ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ, pẹ̀lú ìgò oògùn àti kẹ́ẹ̀gì kan tí mi ò tíì ṣí.

Ẹni tí ẹ bá máa rán wá, kó pè mí kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Mo máa ń wà nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti àárọ̀. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ da ohunkóhun sínú táǹkì náà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Magodo