Ẹ Fún Mi Ní Joystick Mi, Kí Ẹ sì Bẹ̀ Mí

Òkè Àró, Àkúrẹ́
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mo ń kọ̀wé sí yín. Ohun tó ń ṣe joystick náà, ọ̀pá tí mo fi ń darí bàálù inú géèmù kọ̀ǹpútà, ti wà nínú àkọsílẹ̀ yín, n kò ní tún un rò. Ó ń tẹ̀ sápá òsì fúnra rẹ̀, ó tán.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ni mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Alágbàká. Ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré, òmíràn á dé. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo pe Alágbàká, wọ́n ní kí n pe Èkó. Èkó ní Àkúrẹ́ ò tíì fi ẹrù ránṣẹ́. Mo tún wọ ọkọ̀ lọ sí Alágbàká, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ síbi òkú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti lọ. Fòní dónìí fọ̀la dọ́la yìí ti sú mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àná ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo kí ọmọbìnrin tó gbé fóònù, kò dáhùn. Ó ní, "Bàbá, gbogbo wàhálà yìí, torí géèmù? Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ-ọmọ yín máa fi ṣeré." Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó já fóònù mọ́ mi létí.

Olùkọ́ Físíìsì ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Flight Simulator X, géèmù wíwa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, jáde lọ́dún 2006, ṣe ni mo ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí n tó rí i rà. Lálẹ́, bí iná bá wà, màá gbé bàálù kékeré Cessna 172 kúrò ní Ìkẹjà. Bí eré sísá bàálù bá ti tó 55 knots lójú aago tó ń wọn eré, màá rọra fa ọwọ́ joystick sẹ́yìn, imú bàálù á gbéra, ilẹ̀ á máa jìnnà. Nígbà tí àkọ́bí mi wọ FUTA, mo ta kọ̀ǹpútà náà, mo fi san owó ilé ìwé. Ó ti lé ní ọdún 15. Àwọn ọmọ ló ra tuntun fún mi lọ́dún yìí, mo sì fi Flight Simulator ti 2024 sí i, èyí tó ń fa àwòrán ilẹ̀ ayé wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Òkè Ìdànrè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fò kọjá. Mo fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà gbìyànjú, ìka mi ò yá tó mọ́.

Ohun tí ọmọ yín fi rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Mo fẹ́ joystick tuntun, tàbí ₦97,000 mi, kó tó di ọjọ́ 21 oṣù yìí. Mo sì fẹ́ kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ pè mí, kó bẹ̀ mí. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, n kò ní pè yín mọ́. Màá kó rìsíìtì àti gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, màá sì gbé e dé kóòtù bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín láti Òkè Àró