Òfin wo ni CAF fi lé Zanzibar jáde?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín sọ lójú ìwé eré ìdárayá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, kò jẹ̀bi bó ṣe tilẹ̀kùn mọ́ Zanzibar, erékùṣù tó wà lábẹ́ Tànsáníà, pé bí wọ́n bá gbà á wọlé, kò ní pẹ́ tí Èkó àti Kánò náà á fi máa béèrè ikọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Èkó kò jókòó nínú CAF rí. Zanzibar jókòó níbẹ̀. Láti 2004 ni àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù wọn, ZFF (ZFA ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lè dìbò ni. Líìgì wọn wà lọ́tọ̀ sí ti Tànsáníà. Ẹgbẹ́ tó bá gba líìgì náà ló ń ṣojú wọn nínú CAF Champions League, wọ́n sì ní àyè tiwọn nínú Confederation Cup. Nínú CECAFA, ìyẹn àjọ bọ́ọ̀lù ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ni wọ́n jọ jẹ́ pẹ̀lú Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Tanganyika àti Zanzibar para pọ̀ di Tànsáníà ní oṣù kẹrin 1964, wọ́n kọ àwọn nǹkan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Ètò ààbò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀. Eré ìdárayá kò sí níbẹ̀. Ààrẹ ló sì ń ṣàkóso Zanzibar, kì í ṣe gómìnà.

Ohun tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹta 2017, ní Addis Ababa, CAF fọwọ́ sí i pé kí Zanzibar di ọmọ ẹgbẹ́ tó pé, ẹni kàrùndínlọ́gọ́ta. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ahmad Ahmad fi ìbò 34 sí 20 lé Issa Hayatou kúrò lórí àga ààrẹ CAF tó ti wà láti 1988, tí Amaju Pinnick tiwa, ààrẹ NFF (àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà) nígbà náà, sì wà lára àwọn tó ti Ahmad lẹ́yìn. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù keje, ní Rabat, àwọn kan náà ní àwọn ti gba ohun tí àwọn fún Zanzibar padà. Ahmad ní CAF kò lè ní àjọ méjì láti orílẹ̀-èdè kan, pé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ń sọ ohun tó ń jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ó dà bí ìgbà téèyàn gba aṣọ ẹbí, tó rán an, tó wọ̀ ọ́ dé agbo, tí onínàáwó wá ní kó bọ́ ọ, àwọn kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí. Ṣé wọn kò mọ̀ ní oṣù kẹta pé Zanzibar wà lábẹ́ Tànsáníà ni?

Bó bá sì jẹ́ pé òmìnira ni wọ́n ń wò, kí ni Curaçao ń ṣe nínú FIFA? Abẹ́ ọba ilẹ̀ Netherlands ni Curaçao wà, àwọn èèyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 156,000 lọ, síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n gbá òdo sí òdo ní Kingston pẹ̀lú Jàmáíkà, wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé. Erékùṣù Faroe wà lábẹ́ Denmark. Ní oṣù kẹsàn-án 1990, wọ́n fi ayò kan sí òdo na Austria, ní ilẹ̀ Sweden, nítorí pé wọn kò ní pápá oníkoríko nílé. Scotland àti Wales ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà CAF lè sọ pé àwọn wọ̀nyẹn ti wọlé kí òfin tó le, òótọ́ sì ni pé UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, kọ̀ fún erékùṣù Jersey ní 2018. Àmọ́ ìwé òfin FIFA fúnra rẹ̀ sọ pé àjọ bọ́ọ̀lù agbègbè tí kò tíì gba òmìnira lè béèrè láti wọlé, bí àjọ orílẹ̀-èdè tí agbègbè náà wà lábẹ́ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Àwọn lọ́yà á ní kì í ṣe irú Zanzibar ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí wọ́n jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ ní gbangba nígbà náà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017 yẹn kan náà, Zanzibar lọ sí ìdíje CECAFA ní Kẹ́ńyà. Wọ́n na Rwanda 3-1. Wọ́n na Tànsáníà, ẹni tí wọ́n ní wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, 2-1. Ùgáńdà tó gba ife náà gbẹ̀yìn, 2-1 ni wọ́n fi lé e padà sílé. Ní àṣekágbá ní Machakos, wọ́n gbá 2-2 pẹ̀lú Kẹ́ńyà onílé, pẹ́nárítì ló gba ife lọ́wọ́ wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà yẹn ni Hemed Suleiman, tí wọ́n ń pè ní Morocco. Òun náà ni Tànsáníà wá mú, òun ló sì gba tíkẹ́ẹ̀tì AFCON 2025 fún wọn.

Àwa ọmọ Nàìjíríà pàápàá ti jẹun lábẹ́ òrùlé wọn. Pápá Amaan ní Zanzibar ni àwọn Super Eagles abẹ́lé ti gbá CHAN, ìdíje àwọn agbábọ́ọ̀lù abẹ́lé Áfíríkà, ní oṣù kẹjọ 2025. Sẹ̀nẹ̀gà nà wá 1-0. Sùdáànì nà wá 4-0, (mo pa tẹlifíṣọ̀n kí ó tó parí). Ìgbà tí a na Congo 2-0 ní Dar es Salaam, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Pápá wọn dára, àwọn èrò wọn wá, CAF sì gbádùn rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ni pápá yẹn kò lè gbé ikọ̀ tiwọn síbẹ̀. Ọmọ wọn tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá bí Feisal Salum, aṣọ Tànsáníà ni yóò wọ̀.

Owó náà ńkọ́? Ètò FIFA Forward lè fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tó mílíọ̀nù 8 dọ́là láàárín 2023 sí 2026. Seychelles tí èèyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bí 100,000 wà lára wọn. Zanzibar tó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 nínú ètò ìkànìyàn 2022, kọ́bọ̀ kò lè lọ sọ́dọ̀ ZFF tààrà, àfi ohun tí TFF, àjọ bọ́ọ̀lù Tànsáníà, bá yọ fún un.

N kò sọ pé kí Zanzibar kúrò lára Tànsáníà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti CAF. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí àwọn aṣojú NFF tó bá ń lọ sí ìpàdé gbogboogbò CAF béèrè ohun méjì níbẹ̀ kí AFCON 2027 tí Tànsáníà wà lára àwọn tó máa gbà á lálejò tó dé: kí CAF gbé ìwé tó fi gba Zanzibar àti èyí tó fi lé e jáde síta fún wa kà, kí TFF sì sọ ní gbangba bóyá òun yóò fọwọ́ sí lẹ́tà tí ZFF máa gbé lọ sí FIFA. A ní ìbò kan níbẹ̀. Zanzibar kò ní.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn