Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Tú Gáàsì Ẹ̀rọ Amúlétutù Dànù Mọ́

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti gbogbo Káńsẹ́lọ̀,
Láti ọwọ́ ẹ̀ka agbègbè ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúlégbóná.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a kọ ìwé yìí ni à ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù, yàrá òtútù àti ẹ̀rọ tí ń mú ilé àti omi gbóná kalẹ̀, àwa náà la sì ń tún wọn ṣe. Ohun tó gbé wa wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ọ̀rọ̀ gáàsì ni. A ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣe é ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé páìpù ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ti fíríìjì àfi tó bá ti kó gáàsì inú rẹ̀ sínú sílíńdà. Kí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ilé tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Ẹ̀rọ bàjẹ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe rán ọmọ iṣẹ́ gorí òrùlé. Ọmọ náà fi ayùn gé páìpù, gáàsì ń pariwo ṣùùù, ó yàgò fún un díẹ̀ títí tó fi dákẹ́, ó tú ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀. Èéfín kò rú. Kò sí aládùúgbò tó bínú. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀ rí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá sun tààyà ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ ó ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti dàgbà ni à ń pè ní R-22. Ó ní chlorine nínú, bí chlorine yìí bá sì gòkè dé ibi tí ozone wà lójú sánmà, ìyẹn gáàsì tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán òrùn tó léwu, ńṣe ló máa ń jẹ ẹ́ run. Láti 1974 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Mario Molina àti Sherwood Rowland, ti ṣàlàyé bí àwọn CFC, àwọn gáàsì amúntutù tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n R-22, ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Ní 1987 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti fi irú gáàsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì ti wọ inú rẹ̀ báyìí. Lábẹ́ àdéhùn náà, ọdún 2020 ni fífi R-22 tuntun sílẹ̀ kan àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà. 2030 ló kan àwọn yòókù, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún àtúnṣe. Ẹni tó bá ń tú R-22 dànù lónìí, ohun tí yóò wá kiri lọ́la tí kò ní rí rà ló ń dà nù yẹn.

R-410A tó rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í fọwọ́ kan ozone. Ṣùgbọ́n láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún, kílógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílógíráàmù 2,000 carbon dioxide lọ. Èyí wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún jókòó ní Kigali lọ́dún 2016 láti fi irú gáàsì yìí kún àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ dínkù. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, bíi R-290, sàn fún sánmà púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n propane ni, ó ń gbiná: bí ó bá ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú yàrá, iná kékeré tó bá ta láti ara ṣíwíìṣì ti tó. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa gé páìpù lásán kò ní yí ìwà padà lọ́jọ́ tó bá pàdé ẹ̀rọ onípropane. Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ti ń wọlé wá.

Èyí ló ń kó àìsùn bá wa jù. Ẹni tí kò bìkítà nípa gáàsì tó ń jáde kì í sábà bìkítà nípa èyí tó ń dà sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ó lè da oríṣi méjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ kan. Gáàsì tó bá ti dàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kíkó o lọ fún ìparun nìkan yóò kù. Ó lè ra ayédèrú. Lọ́dún 2011, àwọn kọ̀ǹtẹ́nà onífíríìjì kan bú gbàmù, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé gáàsì tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí R-134a, irú gáàsì fíríìjì kan, ní gáàsì mìíràn tí à ń pè ní methyl chloride nínú. Bí methyl chloride bá bá aluminium pàdé nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ohun mìíràn ló máa ń dà, tí yóò gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ẹnikẹ́ni kò ṣáná sí i. Àwọn mìíràn a tún máa fi oxygen àwọn wẹ́dà dán páìpù wò bóyá ó ń jò, torí pé òun ló wà nítòsí, dípò nitrogen. Oxygen tí a tì mọ́ inú páìpù tí ọ́ìlì wà lè bú gbàmù lójú ẹni tó ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín gan-an ni ìwé iṣẹ́ tí ẹ fi ń pe àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ó ń béèrè iye ẹ̀rọ, agbára họ́ọ̀sì wọn, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí àti iye owó. Kò sí ìlà kankan tó béèrè ibi tí gáàsì inú ẹ̀rọ àtijọ́ yóò gbà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni iṣẹ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́, ẹni tí kò sì ka kíkó gáàsì mọ́ owó rẹ̀ ni owó rẹ̀ ń kéré jù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá fẹ́ ṣe dáadáa ń pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ ṣe dáadáa. A kò rò pé ẹnì kan nínú yín ló pète bẹ́ẹ̀. Ìwé tọdún èṣí ni wọ́n sábà máa ń ṣe àdàkọ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ fi ìlà kan kún un: kí a má san owó ìkẹyìn fún agbaṣẹ́ṣe títí yóò fi mú ìwé wá tó sọ irú gáàsì tó kó, ìwọ̀n rẹ̀ àti sílíńdà tó kó o sí. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ dà sí i wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, a lè fi wé e. Bí ẹ̀rọ bá ti jò tẹ́lẹ̀, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lè kó gáàsì ara rẹ̀ jọ sínú apá tó wà níta: ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti ojú páìpù kan pa, á jẹ́ kí ẹ̀rọ fa gáàsì tán, á wá ti ìkejì. Èyí tó bá ti kú pátápátá ló nílò ẹ̀rọ afagáàsì.

Kí ẹ sì fún wa ní ibì kan tí a lè kó sílíńdà sí, ibi tí òrùn kò ti ní pa á, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tó ní kọ́kọ́rọ́ àti òṣùwọ̀n. Láìsí èyí, òfin yóò kàn sọ gbogbo gàráàjì di ilé sílíńdà ni, ìyẹn sì léwu ju bí ó ti wà lọ. Láti ibẹ̀ ni a ó ti máa kó wọn lọ fún àwọn tí ń fọ̀ ọ́ mọ́ tàbí tí ń pa á run.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, pé ẹgbẹ́ fẹ́ fi òfin ti àwọn ẹlòmíràn síta. Ó tọ́ kí ẹ bi wá bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Kí ẹ má fi jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe òṣùwọ̀n rárá. Ìdánwò ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe, kí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: kí ẹni náà mọ gáàsì kan yàtọ̀ sí èkejì, kí ó mọ̀ pé a kì í kún sílíńdà kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, torí bí ooru bá mú un, ohun olómi inú rẹ̀ á wú. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá lè mọ èyí ju ẹni tó gboyè lọ. Irú wọn ló kọ́ àwọn kan nínú wa.

Ohun méjì kékeré tún wà. Kí ẹ ní ìwé tí ẹ ó máa kọ gbogbo ẹ̀rọ afomitutù tó wà lórí òrùlé ilé ńlá sí, nítorí kòkòrò Legionella tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, tó sì máa ń gbèrú nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́; òun ló pa ó kéré tán ènìyàn 29 ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, láti ilé ìtura kan. Kí àwọn olùyẹ̀wò ilé yín sì máa wo ọ̀nà èéfín bọ́ílà lọ́dọọdún, torí pé carbon monoxide, gáàsì olóró tó lè bá èéfín jáde, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀.

A ó fi àwọn olùkọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò náà láìgba owó fún ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì yan ọ̀kan nínú àwọn ilé ìjọba tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú, a ó wá kó gáàsì rẹ̀ lójú yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí iye àkókò tó gbà. Ohun tí a tọrọ ni pé kí ẹ gbọ́ wa kí ìwé iṣẹ́ tó kàn tó jáde.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀ka agbègbè.