Òkúta Ilé Iṣẹ́ Òwú: Lẹ́tà sí Àwọn Ọmọ Wa ní Manchester

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìwé, ẹ kú ìfaradà òtútù. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Manchester, Salford, Stockport títí dé Sheffield ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá ìwé wá àti ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí. Ìyá àgbà ni mí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nídìí ìkòkò aró ìyá tó bí ìyá mi. Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń lọ bá wọn tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe lórí òkè Peak District, páàkì ńlá tó wà nítòsí Manchester, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló fa lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi láti gbé kúlà oúnjẹ, arábìnrin kan sì rí ṣọ́bìrì àti bàtà tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́. Ó bi mí, mo ṣàlàyé. Ó pàtẹ́wọ́: "Mọ́mì! A sá fún oko nílé, ẹ wá ń gbé òkúta fún òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára. Ẹ̀yin ni mo jẹ ní èsì.

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Piccadilly ní Manchester, kò ní tó wákàtí kan tí ẹ ó fi dé Edale. Òkè Kinder Scout ló dúró lé abúlé náà lórí, 636 mítà ni gíga rẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí lè fojú di í. Kì í ṣe àpáta gàdàgbà bí Olúmọ. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ dúdú kan tó rọ̀ bí àmàlà ló sì bò ó, òun ni wọ́n ń pè ní peat. Ewéko tó kú sínú omi láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá ló dì pọ̀ di ilẹ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà kan lọ́dún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orúnkún ti tẹ nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún wọlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan.

Bí ọ̀nà ṣe ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Òjò rọ̀, àárín ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kò fẹ́ kí bàtà òun dọ̀tí, ó gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni kejì bá ẹ̀gbẹ́ náà ní ẹrẹ̀, ó tún yà síwájú sí i. Koríko tí wọ́n tẹ̀ kú, gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú jẹrà, omi ráyè, ó gbé ilẹ̀ lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀nà tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ ti fẹ̀ bí ọ̀nà mọ́tò. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan ṣọ́bìrì rárá, ẹ máa gba àárín ẹrẹ̀ kọjá. Bàtà ṣeé fọ̀.

Ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń pè ní Pennine Way bẹ̀rẹ̀ láti Edale yìí, ó sì rìn ní máìlì 268 kó tó parí sí Kirk Yetholm ní Scotland. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Èrò ya lù ú, ilẹ̀ peat kò sì lè gbà wọ́n. Ibi kan wà tí èèyàn ń rì dé itan. Nígbà tí wọ́n wá ojútùú rẹ̀ títí, inú àwọn ilé iṣẹ́ òwú Lancashire tí wọ́n ń wó lulẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Òkúta pẹlẹbẹ ńláńlá tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n hú, hẹlikọ́pítà gbé e gun òkè, wọ́n sì tò ó tẹ̀lé ara wọn lórí ẹrẹ̀. Òkúta náà fẹ̀ débi pé ìwúwo ẹsẹ̀ ń tàn káàkiri rẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í rì.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ni mo kíyè sí i pé àwọn kan nínú òkúta náà ní ihò róbótó. Mo bi ọ̀gá iṣẹ́ wa léèrè. Ó ní ibi tí wọ́n ti de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ìka bọ ihò kan, omi òjò wà nínú rẹ̀, ó tutù bíi yìnyín. Ọkàn mi sì fò lọ sí Ìtòkú. Aṣọ funfun tí ìyá àgbà mi ń fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ ọnà sí kó tó rì í sínú aró, ará Manchester ló ń hun ún. Òwú tiwa náà sì ti wá síbí rí: láàárín ọdún 1850 sí 1860, oníṣòwò kan ní Manchester tó ń jẹ́ Thomas Clegg bá àwọn míṣọ́nárì CMS pawọ́ pọ̀, wọ́n ń kó òwú láti Abẹ́òkúta wá fún àwọn ẹ̀rọ Lancashire. Òkúta kì í sọ̀rọ̀, kò lè sọ fún mi bóyá èyí tí mo kanlẹ̀ sí yẹn bá òwú Ẹ̀gbá pàdé. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òkè yìí kò kàn wá, mo máa ń wò ó bí ọmọ tí kò mọ ilé ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ṣì kù. Koríko kékeré kan wà tó ń mu omi bíi kàn-ìn-kàn-ìn, sphagnum lorúkọ rẹ̀, òun ló ń di peat. Èéfín àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ló pa á run lórí òkè yìí. Ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ìhòòhò, afẹ́fẹ́ ń gbé e, òjò ń wọ́ ọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wá kú, òkúta rẹ̀ gòkè lọ bo ojú egbò tí èéfín rẹ̀ dá. Láti 2003 ni àjọṣepọ̀ kan tó ń jẹ́ Moors for the Future ti ń dá koríko náà padà. Àwa náà máa ń bá wọn fi ìka gbẹ́ ihò, a ó sì gbin ìdìpọ̀ kékeré kan sí ihò kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti gbin igba, ẹ̀yìn mi á máa pe orúkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́" yẹn.

Ọmọ Lísàbí ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́, àgbẹ̀ ni Lísàbí, Ẹgbẹ́ Àáró ló sì dá sílẹ̀: lónìí gbogbo wa á lọ sí oko tìrẹ, lọ́tùn-únla a ó wá sí tèmi. Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni ó ti rí ọkùnrin tó tó nǹkan, tí àwọn Ẹ̀gbá fi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ń pe àáró ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Gbèsè ni. Bí mo bá ti jẹ àáró rẹ, mo gbọ́dọ̀ san án.

Ẹ wá wo àáró tí ẹ ti jẹ lórí Kinder kí wọ́n tó bí yín. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, òkè yìí wà lọ́wọ́ àwọn olówó tí wọ́n ń fi ẹyẹ yíyìnbọn ṣeré níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn sì ń fi ọ̀pá lé ẹni tó bá tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó fi ọjọ́ mẹ́fà fa èéfín ní Manchester ń fẹ́ mí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Sunday, ibi tí afẹ́fẹ́ wà sì nìyẹn. Nǹkan bí 400 èèyàn kóra wọn jọ ní Hayfield, wọ́n gùn ún. Benny Rothman tó ṣíwájú wọn kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n, láti oṣù méjì sí mẹ́fà. Òfin páàkì orílẹ̀-èdè jáde ní 1949, nígbà tó sì di 1951, Peak District ni páàkì tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní gbogbo Britain. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀wọ̀n yẹn, ojúgbà yín ni wọ́n lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Edale tí ẹnikẹ́ni kò bi yín pé níbo lẹ̀ ń lọ, iṣẹ́ wọn lẹ̀ ń jẹ. Omi tí ẹ fi ń se ìrẹsì ní Manchester ńkọ́? Apá kan rẹ̀ ń ti àwọn adágún Longdendale wá, nísàlẹ̀ òkè Bleaklow tó wà nínú páàkì kan náà. Peat tó bá wọ́ lulẹ̀, inú omi yẹn ló ń lọ.

Ẹni tó bá ti ṣe tán láti san àáró rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ irú iṣẹ́ tó ń lọ ṣe, kó má baà jẹ́ fọ́tò ló máa gbé e lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ni kíkó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà. A máa ń dá òkúta bùú ọ̀nà, kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí omi tó ń sáré bọ̀ lè yà sínú igbó. Bí ojú ibẹ̀ bá dí, òjò ìgbà òtútù kan ṣoṣo lè tú ohun tí a fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tò. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí òkè Lake District lápá àríwá náà á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín: ẹsẹ̀ ló ń dá egbò, omi ló ń jẹ ẹ́ wọnú.

Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni a ti ń to òkúta bí àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa gòkè bọ̀, kí ti òkè lè fẹ̀yìn ti ti ìsàlẹ̀. Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Gígùn òkúta la ń rì sínú ilẹ̀, kí ojú tó tẹ́ wà lókè, èyí tí ẹ óò rí kò sì tó ìdajì rẹ̀, bíi eyín nínú èrìgì. Ọjọ́ kan lè lọ tán kí ẹ má tò tó mítà méjì.

Èmi náà kò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣòkòtò jíǹsì ni mo wọ̀, ó mu omi tán, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì tó so mọ́ mi nídìí. Mo ṣa òkúta kan tó dán, mo tẹ́ ẹ lélẹ̀ bíi táìlì, inú mi dùn. Ọmọkùnrin tó ń darí wa, tí àbígbẹ̀yìn mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí, fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, òkúta mì. Ó pè mí lórúkọ ṣáṣá, orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, ó ní kí n yọ ọ́. Mo yọ ọ́. Mo tún un tò, ó ní kí n yọ ọ́. Ìgbà kẹta ni mo jókòó sórí kòríko tí mo fẹ́ sunkún, kì í ṣe nítorí òkúta, nítorí orúkọ yẹn. Ó jókòó tì mí, ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ó fi ọ̀pá irin gbé òkúta náà dìde dúró, ó fi àfọ́kù há a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n gun orí rẹ̀ kí n fò. Mo fò. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ní dìgírì méjì, ẹ múra sílẹ̀ de "yọ ọ́" yẹn.

Àwọn kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á béèrè lẹ́tà tí wọn yóò fi wáṣẹ́. N kò bá wọn jà, iṣẹ́ ṣòro í rí. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan la fi ń kọ́ ẹni tuntun, ìgbà kejì ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní wá nígbà kejì, ẹ wá ṣeré lórí òkè, ẹ má wulẹ̀ gba ṣọ́bìrì.

Ẹ má wọ jíǹsì. Ẹ mú ẹ̀wù òjò kódà tí oòrùn bá ń ràn. Ìkùukùu lè bo orí Kinder láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù kì í sì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi púpọ̀, nítorí náà ẹ kọ́ máàpù àti kọ́ńpáàsì. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹje, àwọn ẹyẹ ń yé ẹyin sórí ilẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kí a má dé, ẹ má dé ibẹ̀. Suya kò sí lórí òkè o. Ẹ rántí iná tó jó òkè Saddleworth lẹ́bàá Manchester ní oṣù kẹfà ọdún 2018, tí wọ́n fi pe sójà wá bá wọn pa á.

Wọ́n á wò yín. N kò ní parọ́ fún yín. Lọ́dún kẹta mi, ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dúró, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá mo ṣìnà. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi, ẹrẹ̀ dé mi létí. Mo ní, "Rárá, sà. Òkúta tí ẹ dúró lé yẹn, èmi ni mo tò ó." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Tíì inú fíláàsì mi la jọ mu.

Arábìnrin tó pàtẹ́wọ́ yẹn ti ní òun máa bá mi dé Edale lóṣù tó ń bọ̀, kó kàn wá wòran ni o. Sátidé kejì ni, ọkọ̀ àárọ̀ la máa wọ̀. Èmi ni ẹ máa rí ní pèpéle tó wọ fìlà òwú aláwọ̀ aró. Mo ní ìbọ̀wọ́ méjì àṣẹ́kù nínú báàgì, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré.

Èmi ni ìyá yín,
ará Ìtòkú tó wà ní Manchester.