Lẹ́tà sí Adéwálé lórí àyẹ̀wò ìtọ̀

Houston, Texas.

Adéwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Minneapolis. Ẹ kú òtútù. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí i pé kì í ṣe oògùn olóró ni ó ń já ọ láyà nínú àyẹ̀wò tí wọn yóò ṣe fún ọ kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́ awakọ̀ tírélà, nítorí pé sìgá pàápàá o kò fi kan ẹnu rí. Ohun tí o ń bẹ̀rù ni kí ìtọ̀ rẹ má lọ tutù jù, kí wọ́n sì pè ọ́ ní oníjìbìtì.

Àwọn kan a máa gbé ìtọ̀ ẹlòmíràn wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo bí ó ṣe gbóná tó. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó de àwa awakọ̀ sọ pé, láàárín ìṣẹ́jú 4 tí o bá ti gbé ife fún òṣìṣẹ́ tí ń gbà á, ó gbọ́dọ̀ wo ìgbóná rẹ̀, kí ó sì wà láàárín 90 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 32 sí 38 lórí ti Celsius. Inú ara ènìyàn sì jẹ́ nǹkan bíi 37, Adéwálé! Òtútù Minneapolis kò lè wọ inú àpò ìtọ̀. Ohun tí ó kù sí ọ lọ́wọ́ ni pé kí o má gbé ife kalẹ̀ kí o máa wo dígí. Gbé e fún wọn ní kété tí o bá parí, kí ó sì tó mílílítà 45 ó kéré tán, nítorí pé ìtọ̀ díẹ̀ a máa yára tutù. Bí o bá rí i pé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà bí aró, àwọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á láró, kí ẹnikẹ́ni má baà bu ú.

Bí ìgbóná náà kò bá tilẹ̀ bọ́ sí i, wọn kò ní torí ìyẹn kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kùnà. Wọn yóò ní kí o tún tọ̀ lójú ẹsẹ̀ níṣojú òṣìṣẹ́ kan tí ó jẹ́ ọkùnrin bíi tìrẹ, wọn yóò sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ìtìjú wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ, pàápàá fún àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé ìhòòhò àgbà kì í ṣe ohun àwòṣeré. Síbẹ̀, má ṣe fi ìbínú jáde, nítorí òfin kà á sí kíkọ̀, ìyà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n bá oògùn olóró lára rẹ̀.

Má mu omi ní àmujù láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí bí ìtọ̀ bá ṣàn jù, wọ́n lè ní kí o padà wá. Tọ́jú ìwé oògùn ìrora tí dókítà eyín kọ fún ọ. Bí wọ́n bá rí ohunkóhun, dókítà tí ń yẹ èsì wò yóò kọ́kọ́ pè ọ́ kí ó tó sọ fún ilé iṣẹ́. Nítorí náà, jọ̀wọ́, gbé ìpè nọ́ńbà tí o kò mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, ìwọ tí kì í gbé irú rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Kúnlé